Bọ́tìnì Tó Ń Dáhùn Kó Tó Lọ Jíṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń bi mí pé, "Àǹtí Bísí, ṣé iṣẹ́ áàpù yìí dára láti kọ́?", ẹ fìdí lélẹ̀. Mo máa dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò ní fi oyin sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí, inú mi ò sì dùn sí bí mo ṣe fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi lé mi lórí níwájú èèyàn, ní Jíbówú, lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó gbé e lé mi kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò ní dákẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ kò ní mọ bí ìwà tí wọ́n hù sí mi ṣe burú tó.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí iṣẹ́ mi jẹ́. Gbogbo áàpù ló ní ojú: bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀, àpótí tí ẹ ń kọ orúkọ sí, àwòrán kékeré tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gbogbo ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti ṣe wọ́n sílẹ̀, wọ́n kó wọn pọ̀ sínú ohun tí àwa ń pè ní àpò irinṣẹ́. O máa gbé àpò náà, o máa mú bọ́tìnì jáde níbẹ̀, o máa lò ó. Ṣùgbọ́n àpò yẹn dà bí aṣọ òkìríkà tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ṣà ní Yábà. Aṣọ gidi ni o, àmọ́ ìwọ kọ́ ni wọ́n rán an fún. Èjìká á fẹ̀ jù, apá á gùn jù. Wàá pe obìọ́mà, télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí èjìká kiri àdúgbò, kó bá ọ gé e kó lè bá ara rẹ mu. Èmi ni obìọ́mà àpò irinṣẹ́. Ẹni tó ṣe bọ́tìnì lókè òkun ṣe é fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í já, tó jókòó nínú yàrá tútù. Èmi ló ń tún un rán fún ẹni tó dúró nínú oòrùn ní Múṣin, tí ojú fóònù rẹ̀ ti sán, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe darúgbó nìyẹn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ìtàn. Mo jáde yunifásítì, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Adékọ̀yà ní Sùúrùlérè, ọ̀gá ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù ọ̀hún tó jẹun, kò tó ra bàtà. Ó tán.

Ọ̀gá Adékọ̀yà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí, kì í sì í pariwo. Ì bá sàn kó máa pariwo. Tó o bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á máa nù ún, ìwọ á dúró, òógùn á máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn lẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n bíi tẹlifíṣọ̀n, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ la sì ń nu eruku ara wọn ká tó jókòó. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n máa ya bọ́tìnì sórí bébà. Mo yà á títí ó sú mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, mo ní oyè yunifásítì o, sà."

Ó nu gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Mo rí i. Ṣé wọ́n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ya bọ́tìnì níbẹ̀?"

"Wọn ò kọ́ mi, sà."

"Yà á."

Èèwọ̀ méjì ló fi lé wa lọ́wọ́. Èkíní: o ò gbọdọ̀ tú inú àpò irinṣẹ́. Tó o bá fẹ́ kí bọ́tìnì ṣe nǹkan míì, fi aṣọ wọ̀ ọ́ láti ìta, má fi ọ̀bẹ kan ikùn rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn tó ni àpò á tún fi tuntun ránṣẹ́ lọ́la. Tó bá jẹ́ pé aṣọ lo wọ̀ ọ́, wàá bọ́ aṣọ náà, wàá gbé e wọ tuntun. Tó bá jẹ́ pé ikùn lo là, ọgbẹ́ tó o dá sí i ò ní jẹ́ kí tuntun wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ibi tí ìrora ti ń wá. Èkejì: tí ẹni tó o ṣiṣẹ́ fún bá jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ, pa ẹnu rẹ mọ́. Má tọ́ka, má wúkọ́. Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ nígbà kan. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa bá gbogbo kọ̀ǹpútà délé, tí wàá máa ṣàlàyé fún àwọn tó ń lò ó?"

Alhaja kan wà nísàlẹ̀ ilé tó ń ta ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Òun la ń ṣe ètò ìtajà fún, tí ẹ̀rọ á máa tẹ rìsíìtì jáde. Lọ́jọ́ tí Alhaja wá dán an wò, bọ́tìnì tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ bí òyìnbó ṣe ṣe é. Alhaja tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìgbà náà lọ́ra bí ìgbín, kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀. Alhaja tún un tẹ̀. Ó wò wá, gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ó fi gbogbo àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí. Rìsíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, wọ́n ń bọ́ lu ara wọn nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí agolo ọ̀dà kan ṣoṣo.

Alhaja pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ wò ó, mo ti di Dàńgótè ọ̀dà!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa, àfi ọ̀gá.

Ó yíjú sí mi. "Ta ló tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ?"

"Alhaja ni, sà."

"Irọ́. Tí ìyá ẹ bá pè ọ́ nílé, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ṣé wàá dìde lọ jíṣẹ́ láì fọhùn ni?"

"Rárá, sà. Mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Màá ní, 'Ẹ̀n, mà.'"

"Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á tún mi pè."

Ó ní, "Bọ́tìnì tó o gbé síwájú Alhaja, ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni. Lọ kọ́ ọ. Kó dáhùn kó tó lọ jíṣẹ́. Tó bá sì wà lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un rán níṣẹ́."

Bí mo ṣe rán aṣọ àkọ́kọ́ ìgbésí ayé mi nìyẹn. Láti ìta, mi ò kan ikùn rẹ̀. Tí o bá ti tẹ bọ́tìnì mi, á yí sí àwọ̀ eérú lójú ẹsẹ̀, á kọ ọ́ sára pé "Mo ti gbọ́", kò sì ní gba ìtẹ̀ mìíràn títí á fi ti iṣẹ́ dé. Ọ̀gá wò ó, ó wọ gíláàsì rẹ̀ padà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé oríkì nìyẹn.

Irinṣẹ́ yí padà, ẹ ò lè mọ bó ṣe yí padà tó. Àpò tí mo fi kọ́ṣẹ́ kú. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì dé, òun náà kú, òmíràn rọ́pò rẹ̀. Fóònù dé, ojú iṣẹ́ kéré di bí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ìgbà tí àpò tuntun bá dé ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wò mí bíi pé ó ti tán fún mi. Màá gbé àpò náà sórí tábìlì, màá kà á bí ẹní ka Bíbélì, màá tún aṣọ mi rán. Bọ́tìnì tó ń dáhùn, mo rán an fún gbogbo àpò tí ọwọ́ mi kàn, títí kan èyí tí mo rán fún Túnjí.

Túnjí. Ó yá, a ti débẹ̀.

Ọmọkùnrin yìí ló dá ilé-iṣẹ́ áàpù sílẹ̀ ní Yábà, òun ló wá bẹ̀ mí níbi tí mo wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ tí mo ní mọ iṣẹ́, wọn ò lágbà. Ẹ wá jókòó tì wọ́n." Mo lọ, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo tún àpò irinṣẹ́ wọn rán, mo sì kọ́ àwọn ọmọ náà. Kọ́lá ló mú ẹ̀kọ́ jù nínú wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń ra àgbàdo sísun wá fún mi. Mo kọ́ ọ ní èèwọ̀ méjèèjì, ó lè kà á fún mi lójú oorun.

Iṣẹ́ tó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sókè ni áàpù tí a ṣe fún Alhaji kan tó ní ọkọ̀ tó ń ti Jíbówú lọ sílẹ̀ òkè, Iléṣà, Àkúrẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò á wà nílé, á tẹ "Gba ìjókòó", ẹ̀rọ á fún un ní ìjókòó kan, á wá sanwó ní gáréèjì. Awakọ̀ ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan níwájú tó ń sọ iye ìjókòó tó kù. Ó ṣiṣẹ́ geere. Inú Alhaji dùn, ó ń pè mí ní "Ìyá Bọ́tìnì".

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ rèé. Àwọn kan fẹ́ wá wo áàpù náà kí wọ́n lè bá Túnjí dókòwò. Ó pè mí, ó ní, "Mọ́mì, bọ́tìnì yìí tó ń di eérú, ó ń ba ojú iṣẹ́ jẹ́. Ó dà bí nǹkan tó ti kú. Ẹ yọ ọ́." Ẹ kíyè sí i, lọ́jọ́ tó ń bẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́. Mo ti di Mọ́mì.

Mo ṣàlàyé fún un láti orí dé ìdí. Mo ní tí àwọ̀ eérú ò bá wù ú, màá wá àwọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n bọ́tìnì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó ní òun á rò ó. Kò rò ó. Mo lọ sí ìsìnkú àbúrò ìyá mi, ìgbà tí mi ò sí nítòsí ló pe Kọ́lá. Kọ́lá ò mọ bó ṣe máa bọ́ aṣọ tí mo rán láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tú, torí aṣọ tí mo rán kì í bọ́ bọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò rán an. Nítorí náà ó ṣe ohun tí mo kìlọ̀ fún un: ó la ikùn àpò irinṣẹ́, ó gé ìdáhùn àti ohun tó ń dènà ìtẹ̀ kejì kúrò láti inú lọ́hùn-ún. Lójú ìta, aṣọ mi ṣì wà lára bọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo dé. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn.

Àwọn olówó náà wá, wọ́n wò ó nínú ọ́fíìsì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń sáré, wọ́n ní ó dára. Ọdún Kérésì wá dé.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló pè mí. Mi ò tíì sọ ẹ káàárọ̀ tán tó fi ní, "Ìyá Bọ́tìnì, ẹ máa bọ̀ ní Jíbówú. Ṣé iwin ló jókòó sínú mọ́tò mi ni?"

Mo débẹ̀. Ariwo! Èrò kún gáréèjì títí dé títì, àpótí lórí, ọmọ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Iléṣà wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń dún, èèyàn mélòó kan péré ló jókòó sínú rẹ̀. Awakọ̀ ní òun ò lè gbé ẹlòmíràn, ẹ̀rọ iwájú òun ní ọkọ̀ ti kún. Bàbá kan tó wọ dàńṣíkí dúdú di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sin lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n ní mọ́tò kún! Mò ń wo inú ẹ̀ o! Ojú mi ò fọ́! Àga ni wọ́n fẹ́ gbé lọ Iléṣà ni?"

Mo gba fóònù ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, mo tẹ "Gba ìjókòó". Bọ́tìnì dákẹ́. Kò di eérú. Kò ní òun gbọ́. Aṣọ mi ṣì wà lára rẹ̀, ìdáhùn ni kò sí; mo mọ̀ pé ẹnì kan ti la ikùn rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo èrò yẹn ń fà ti dákú; tó bá jí díẹ̀, gbogbo ìtẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe nígbà tó dákẹ́?" Ó ní, "Mà, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá ni." Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjókòó kan. Gbogbo èrò Jíbówú ló ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ẹnì kan ti gba àga márùn-ún, kò sì mọ̀. Ọkọ̀ kún lójú ẹ̀rọ, ó ṣófo lójú ọ̀nà. Mo rí rìsíìtì Alhaja tó ń tú jáde, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Túnjí dé, Kọ́lá tẹ̀ lé e. Alhaji dojú kọ wọ́n, àwọn awakọ̀ yí wa ká. Ó ní, "Ta ló ṣe eléyìí?"

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta, tó tóbi ju méjì ìṣáájú lọ. Túnjí tẹrí ba, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: "Alhaji, ẹ má bínú, sà. Bọ́tìnì yẹn, Mọ́mì wa ló ṣe é. Ẹ mọ̀ pé ara ti ń dara àgbà. Ẹ bá wa forí jì wọ́n."

Mo ní, "Túnjí! Ta ló la ikùn àpò?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ọ́fíìsì."

"Ibí la ti máa sọ ọ́! Kọ́lá, wò mí lójú."

Kọ́lá ń wo bàtà rẹ̀. Alhaji mí kanlẹ̀, ó wò mí, ìwò àánú. Mo fara mọ́ èébú ju ìwò yẹn lọ. Ó ní, "Ó ti tó. Ìyá, ẹ lọ sinmi." Bàbá onídàńṣíkí dúdú fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Kò bá ìsìnkú náà. Títí dòní, tó bá ń sọ̀rọ̀ náà níbikíbi tó wà, èmi ló máa rò pé ó ṣe é fún òun.

Mo bá Túnjí délé-iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: "Mọ́mì, ẹ fi ọgbọ́n gbà á. Tí mo bá ní èmi ni, Alhaji á gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àgbà, wọ́n á forí jì í. Ta ló máa ń bínú sí àgbà? Ẹ̀yin náà ṣáà ti fẹ́ fẹ̀yìn tì."

Ẹ tún un kà. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi nítorí pé mo dàgbà, ó ta mí nítorí pé mo dàgbà. Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ń bù fún àgbà, ó sọ ọ́ di àkísà, ó fi nu ọwọ́.

Kọ́lá wá bá mi ní àtẹ̀gùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi lóyún. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi." Mo ní, "Máa lọ." Kọ́lá ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo ń bá jà. Wọ́n rán an níṣẹ́ ni.

Kí n tó kó ẹrù mi, mo rán ikùn àpò náà padà, mo dá ohùn bọ́tìnì padà fún un. Kì í ṣe nítorí Túnjí. Èrò ò ṣẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú tó ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní kí n má wá mọ́, wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ Jíbówú. Ohun tí mo pàdánù nìyẹn, òun ló sì ń dùn mí jù. Ẹ̀kọ́ tí Ọ̀gá Adékọ̀yà fi gíláàsì àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́ mi, èmi ni mo yẹ kí n fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀gá ti sùn. Ta ni wọ́n máa rí tí á sọ fún wọn?

Gbólóhùn kan ni mò ń béèrè. Kí Túnjí lọ sí Jíbówú, níwájú Alhaji àti àwọn awakọ̀ náà, kó ní: "Bọ́tìnì Àǹtí Bísí kọ́ ló bàjẹ́, èmi ni mo ní kí wọ́n tú u." Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ.

Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ lọ Iléṣà, mo lọ sí gáréèjì yẹn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ò mọ̀ mí. Ó bá mi ṣí áàpù náà lórí fóònù mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ tẹ ibí." Mo tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì di eérú. "Mo ti gbọ́." Mo gbàgbé ọwọ́ mi sórí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má tún un tẹ̀ o."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kéèyàn má tún un tẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì náà! Ṣebí ó ti dá yín lóhùn ni."

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó dára. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ẹ má la ikùn àpò, tí wọ́n bá sì gbé ẹ̀bi ẹlòmíràn lé yín lórí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí yín bẹ̀bẹ̀ fún yín.

Túnjí, ìwọ náà ń kà á. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ò gbé e. Mo rán ẹni sí ọ, ó ní òun kò bá ọ. Mo wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní o ò sí ńlé, mo sì ń wo mọ́tò rẹ níta. Èyí tí mo kọ yìí, mo tún tẹ̀ ẹ́ ni. O wà ní Jíbówú lọ́jọ́ yẹn, o rí ohun tí èèyàn máa ń ṣe sí bọ́tìnì tí kò bá dáhùn.